Ìsinmi ojú nínú kíláàsì orí Zoom: ẹ kọ ọ́ sínú ẹ̀kọ́ gan-an

Ìbéèrè: Láti Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester ní Yorùbá lórí Zoom, láràárọ̀ Sátidé. Ọmọ 11 ni wọ́n, ẹni ọdún 6 sí 10. Ìṣẹ́jú 90 la máa ń lò. Bí a bá ti lo ìṣẹ́jú 35 báyìí, wọ́n á máa fọwọ́ ra ojú, òmíràn á ní orí ń fọ́ òun, òmíràn á pa kámẹ́rà rẹ̀. Mo gbìyànjú láti máa fún wọn ní ìsinmi ìṣẹ́jú 5, àmọ́ ìdajì wọn kì í padà títí ìṣẹ́jú 12 fi kọjá. Ìyá ọmọ kan sì ti ń sọ pé owó ìṣẹ́jú 90 lòun san, òun ò sanwó eré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kí wọ́n sinmi, kí ni kí wọ́n máa ṣe níbẹ̀, kí sì ni kí n wí fún àwọn òbí?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá àwọn ọmọ. Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe ronú ìsinmi fún wọn. Bí ẹ ṣe gbé e kalẹ̀ ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹ ní "ẹ lọ sinmi," ohun tí ọmọ gbọ́ ni pé kíláàsì ti dá. Ó ṣí YouTube lórí tábúlẹ́ẹ̀tì kan náà, ojú tó yẹ kó sinmi tún wà níbi tó wà látàárọ̀. Ìyá rẹ̀ yọjú, ó rí i pé eré lọmọ ń wò, ó sì bínú. Ẹ̀bi ò sí lọ́rùn rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ má fa ìsinmi yọ lára ẹ̀kọ́ mọ́. Ẹ sọ ọ́ di apá ibi tí etí, ẹnu àti ara ti ń kọ́ Yorùbá nígbà tí ojú bá ń sinmi. Èdè olóhùn ni èdè wa, etí ló sì kọ́kọ́ ń gbà á kí ojú tó mọ àmì rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ Yorùbá ní àǹfààní tí olùkọ́ ìṣirò kò ní níbí yìí, ó sì ń dùn mí pé púpọ̀ nínú wa kì í lò ó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe ojú wọn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ètò ìyókù ti jáde. Ẹni tó jókòó tó ń bá ẹlòmíì tàkúrọ̀sọ máa ń ṣẹ́jú nǹkan bí ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ, ó lè já sí ìgbà 5 sí 7 péré, ìpéǹpéjú kì í sì í padé tán lọ́pọ̀ ìgbà. Ìpéǹpéjú yìí ló ń fi omi ojú pa ẹyinjú lára. Tí kò bá wálẹ̀ bó ṣe yẹ, omi yẹn á gbẹ, ojú á máa ta, á máa yún, ọmọ á sì fọwọ́ ra á. Nígbà òtútù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ilé móoru tún máa ń gbẹ afẹ́fẹ́ inú yàrá, ìyẹn sì ń dá kún un. Lẹ́yìn èyí, iṣan kékeré kan wà nínú ojú tó máa ń sún kì nígbà tí a bá ń wo nǹkan tó wà nítòsí, tó sì máa ń dẹ̀ nígbà tí a bá wo ọ̀ọ́kán. Ọmọ tó wo fóònù fún ìṣẹ́jú 35 láì gbójú sókè dà bí ẹni tó di korobá omi mú láì sọ ọ́ kalẹ̀. Korobá náà lè má kún. Bó ṣe ń pẹ́ lọ́wọ́ ló ń wúwo sí i.

Kò sì rí bákan náà fún àwọn ọmọ 11 yẹn. Ọmọ tó ń lo fóònù sábà máa ń gbé e sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 sójú, èyí tó ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì á jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti fóònù á kọ́kọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó tún ohunkóhun ṣe, ẹ bi òbí kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ ń lò. Ẹ ní kí wọ́n gbé fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, kí wọ́n fi ìwé bíi mẹ́ta mẹ́rin gbé e nídìí, kí ọmọ má fọwọ́ mú un. Kí ó jìnnà tó apá ọmọ tó nà án gbọọrọ, kí orí ẹ̀rọ náà má sì ga ju ojú ọmọ lọ. Ẹni tó bá ń wòkè máa ń la ojú sílẹ̀ jù, omi ojú á sì tètè gbẹ. Ilé tí wọ́n bá ti lè so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n so ó, kí ọmọ jókòó sí mítà 2 sí i. Àtúnṣe kan ṣoṣo yìí lè jẹ́ kí ọmọ méjì mẹ́ta yéé fọwọ́ ra ojú.

Àárẹ̀ yẹn kì í ṣe ti ojú nìkan. Ní 2021, Jeremy Bailenson ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà to ohun mẹ́rin tó ń mú kí ìpàdé orí fídíò máa tánni lókun: ojú àwọn ènìyàn tó súnmọ́ni jù tó sì ń woni ní gbogbo ìgbà, iṣẹ́ ọpọlọ tó pọ̀ sí i torí pé a ò rí ìṣe ara ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, bí a ṣe ń rí ojú ara wa láì dáwọ́ dúró, àti bí a ṣe ń jókòó sójú kan. Ẹ wo ọmọ ọdún 7 kan nínú kíláàsì yín: ara rẹ̀ ló ń wò, ó ń yọ ahọ́n sí ara rẹ̀. Ẹ ní kí òbí tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lórí àwòrán ọmọ náà, kó yan "Hide Self View". Ẹ̀yin á ṣì máa rí ọmọ, àmọ́ kò ní máa rí ara rẹ̀ mọ́.

Ó kan ètò àsìkò. Òfin kan wà tí Jeff Anshel, onímọ̀ nípa ojú ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní bíi 30 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní 20-20-20: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, kí o wo nǹkan tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ó rọrùn láti rántí, àmọ́ ìṣẹ́jú-àáyá 20 kò tó fún ọmọdé. Kó tó rí ọ̀nà dé ojú fèrèsé, ó ti tán. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú 2, kí ẹ sì fún wọn ní nǹkan tí wọ́n máa wá. Ohun kejì ni pé kí ìsinmi ṣáájú àárẹ̀. Tí ọmọ bá ti ń ra ojú, ẹ ti pẹ́. Ní Sátidé mẹ́ta, ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ọmọ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra ojú sórí ìwé, kí ẹ wá máa fi ìsinmi ńlá sí ìṣẹ́jú mélòó kan ṣáájú rẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, ètò tí mo máa fi lé yín lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 90 rèé.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìṣẹ́jú 15, ẹ kí wọn, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ tó nílò ojú jù: àwòrán, ọ̀rọ̀ tuntun, lẹ́tà. Ojú wọn ṣì mọ́ nígbà yẹn. Láti 15 sí 17, gbogbo wọn á lọ sójú fèrèsé. Kí wọ́n wo nǹkan tó jìnnà jù tí wọ́n lè rí, kí wọ́n mú ohun mẹ́ta bọ̀ lẹ́nu ní Yorùbá pẹ̀lú àwọ̀ wọn: igi, àwọsánmà funfun, ọkọ̀ pupa. Tó bá jẹ́ ara ògiri ni fèrèsé ilé wọn kọjú sí, kí wọ́n dúró sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan kí wọ́n wo ìpẹ̀kun kejì. Ìṣísẹ̀ àgbà mẹ́jọ ti tó bíi mítà 6.

Láti 17 sí 25, ẹ pa kámẹ́rà gbogbo wọn, kí wọ́n dìde, kí wọ́n kẹ̀yìn sí ẹ̀rọ. Ẹ kọ́ wọn ní dò, re, mí pẹ̀lú apá: ohùn ìsàlẹ̀, ọwọ́ á lọ sí itan, ohùn àárín, ọwọ́ á wá sí àyà, ohùn òkè, ọwọ́ á kọjá orí. Ẹ wá pe igbá, igba, ìgbà, igbà, ìgbá, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ pè é bí ọ̀rọ̀, kí ẹ wá fi imú kùn ún láì sí ọ̀rọ̀, kí wọ́n fi apá dáhùn. Ẹ ṣí ohùn ọmọ méjì méjì kí wọ́n tún un pè fún yín, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ẹni tí kò tíì mọ ìyàtọ̀. Ìṣẹ́jú 8 péré ni, ọmọ kan ò sì wo ojú ẹ̀rọ. Ẹ má ní kí gbogbo wọn jọ kọrin tàbí kí wọ́n jọ dáhùn pọ̀ o. Ohùn kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Manchester á dé kí ti Lọ́ńdọ̀nù tó dé, Zoom á máa pa ohùn ẹnì kan láti gbé ti ẹlòmíì jáde, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Ohùn tiyín nìkan ni kó máa ṣí, kálukú á máa gbe orin lẹ́nu nílé tirẹ̀.

Láti 25 sí 36, ẹ padà sójú ẹ̀rọ fún ìtàkúrọ̀sọ. Láti 36 sí 38, ẹ pa àlọ́ kan, ẹ má sọ ìdáhùn rẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí òun ló máa dá àwọn ọmọ yẹn padà. Ẹ ní: Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Kí wọ́n tún un pè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣàlàyé tìróò fún wọn, torí èyí tó pọ̀ nínú wọn ò tíì rí i rí. Ẹ wá sọ pé ìdáhùn wà nílé ìdáná yín, ẹ lọ wá a, ẹ mú un bọ̀. Láti 38 sí 48, wọ́n á dìde kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n mumi, kí wọ́n lọ ilé ìtura, kí wọ́n wá nǹkan olójú dúdú yẹn kiri, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìyá wọn. Ní ìṣẹ́jú 48, ọmọ kan á na àtẹ́lẹwọ́ síta pẹ̀lú ẹ̀wà mẹ́ta lórí rẹ̀, ojú dúdú kékeré náà á hàn níbi tí ẹ̀wà ti so mọ́ èèpo rẹ̀. Àwọn tó ń tà á ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá, olójú dúdú ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá pẹ́ padà á ti pàdánù ìdáhùn náà, kò sì ní fẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Bó jẹ́ ọmọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀ ní 48, ẹ bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá dúró lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn á mọ̀ pé ẹ máa ń dúró.

Nínú ìṣẹ́jú 10 yìí, kí ẹ̀rọ wọn ṣì wà nínú ìpàdé, kámẹ́rà á wà ní pípa, ohùn rẹ̀ á ròkè. Ẹ lu agogo létí fóònù yín nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì tún lù ú nígbà tó bá pé. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú ẹnì kan, torí ariwo ni Zoom máa ń ka agogo, àtẹ́wọ́ àti ìlù sí, yóò sì pa wọ́n rẹ́, ohùn yín nìkan láá gbé jáde. Nínú Settings, lábẹ́ Audio, ẹ wá "Original sound for musicians", kí ẹ ṣí i. Tó bá jẹ́ Zoom ọ̀fẹ́ lẹ ń lò, ìpàdé máa já ní ìṣẹ́jú 40. Ẹ má bá a jà. Ẹ ti ní ìlà (líǹkì) kejì àti ìkẹta nílẹ̀, ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí àwọn òbí lórí WhatsApp láti alẹ́ Jímọ̀. Bí àkọ́kọ́ bá ti já, ẹ ṣí ìkejì lójú ẹsẹ̀, kí òbí wọlé sí i nígbà tí ọmọ wà nílé ìdáná, kí agogo lè bá wọn níbẹ̀. Ìkejì náà máa já ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 80, nígbà tí àpèkọ bá parí; ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣí ìkẹta fún ìṣẹ́jú 10 tó kù.

Ẹ fi 48 sí 50 gba ìdáhùn àlọ́, kí ẹ ṣe ìwé kíkà títí di 64. Láti 64 sí 66, ẹ ṣe bojúbojú. Ẹ gbé ohun mẹ́fà sórí tábìlì yín: ọmọrogùn, abẹ̀bẹ̀, igbá, ìgbálẹ̀, ṣíbí, ìkòkò kékeré. Kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú, kí wọ́n má tẹ ẹyinjú, kí wọ́n ka ení, èjì dé ogún pẹ̀lú ohùn rara. Ẹ mú ohun kan kúrò. Wọ́n á la ojú, ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ ló jẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta á wọ inú ìṣẹ́jú 2 náà. Ojú tó wà ní pípadé ń sinmi, omi ojú á sì kárí ẹyinjú.

Àpèkọ ló kàn, 66 sí 80: ìwé, pẹ́ńsù, ohùn yín, kò sí àwòrán lójú ẹ̀rọ. Gbólóhùn mẹ́fà kúkúrú tó, ẹ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ nípa ohun kan tí ọ̀pọ̀ tíṣà kì í rò: ìwé náà nítòsí ló wà, iṣan ojú ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwé àti fóònù. Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá ń kà, kí wọ́n gbé pẹ́ńsù sílẹ̀ kí wọ́n wo ọ̀ọ́kán. Ìgbà tẹ́ ẹ bá dákẹ́ ni kí wọ́n kọ ọ́. Kí ojú wọn má sì súnmọ́ ìwé ju ìwọ̀n láti ìgúnpá wọn dé ọwọ́ tí wọ́n dì. Ìṣẹ́jú 10 tó kù, kí wọ́n gbé ìwé wọn wá síwájú kámẹ́rà, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì dágbére.

Ẹ ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú 54 lójú ẹ̀rọ, 36 láì sí lójú ẹ̀rọ, ìṣẹ́jú 10 péré nínú 36 náà ló jẹ́ ìsinmi pátápátá, àlọ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Ìdáhùn tí ẹ máa fún ìyá yẹn nìyẹn. Ẹ tún lè jẹ́ kó mọ̀ pé àwọn ìjọba ti ń fi ìlànà sí i. Ní Táíwàn, ìsinmi ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn 30 ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, wọ́n sì ti ń gbìyànjú láti 2010 kí ọmọ máa lo ìṣẹ́jú 120 níta lójúmọ́. Ní Ṣáínà, ètò tí wọ́n gbé jáde ní 2018 ní kí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kọ́ má ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àsìkò ẹ̀kọ́ lọ. Ní Íńdíà, ìlànà 2020 ní kí kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹjọ má ju ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ìṣẹ́jú 30 sí 45 lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ lè fi èyí ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn òbí: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òbí wa. Ìṣẹ́jú 90 la ṣì máa lò ní Sátidé. Àwọn ọmọ á wo ojú ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 54. Nínú èyí tó kù, wọ́n á máa fi etí gbọ́ Yorùbá, wọ́n á máa fi ẹnu sọ ọ́, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ kọ ọ́. Wọ́n á dìde fún ìṣẹ́jú 10, àlọ́ la ó fi rán wọn wá bá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì, ẹ fi ìwé àti pẹ́ńsù sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ, ẹ má sì jẹ́ kó ṣí nǹkan mìíràn lójú ẹ̀rọ láàárín ìṣẹ́jú 10 náà. Tí oòrùn bá yọ, ẹ jẹ́ kó jáde síta díẹ̀." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì. Ìmọ́lẹ̀ inú yàrá kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lux (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀) lọ, ti ìta lójú ọ̀sán lè kọjá 10,000, ìmọ́lẹ̀ ìta sì wà lára ohun tó ń dín àìríran jìnnà kù lára ọmọdé.

Orífífọ́ ńkọ́? Ẹ wo aago kí ẹ tó dá ojú lẹ́bi. Láti ìparí Oṣù Kẹwàá títí di ìparí Oṣù Kẹta, wákàtí kan ni Ìbàdàn fi ṣáájú Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ bá di aago 9 Ìbàdàn mú láì yí i padà, aago 8 ni tiwọn nígbà òtútù, ọmọ lè má tíì jẹun, kó má tíì mumi. Ẹ sún un síwájú. Tó bá jẹ́ ọmọ kan náà lorí ń fọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, tàbí ó ń dín ojú, tàbí ó ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti wo ẹ̀rọ, ìsinmi kò ní wo ìyẹn sàn. Ẹ pe òbí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kì í ṣe lójú gbogbo ènìyàn lórí WhatsApp, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ojú lọ́dọ̀ NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Kí wọ́n má kàn ra omi ojú fún un.

Ẹ̀yin fúnra yín wá ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé kíláàsì méjì tàbí mẹ́ta ló ń tẹ̀ lé ara wọn lọ́jọ́ Sátidé, ẹ fi ìṣẹ́jú 10 sáàárín wọn. Microsoft dán èyí wò ní 2021 lára ènìyàn 14, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn: ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìpàdé mẹ́rin léra láì sinmi, àmì ìnira ń pọ̀ sí i lọ́pọlọ wọn, ọjọ́ tí wọ́n fi ìṣẹ́jú 10 sí àárín, kò pọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ bá sì ń wá ẹ̀wà kiri, ẹ má fi ìṣẹ́jú 10 yẹn dá àwọn òbí lóhùn lórí WhatsApp. Ẹ fi agogo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ẹ jáde sí ẹnu ọ̀nà, ẹ wo òrùlé ilé tó jìnnà jù tí ẹ lè rí.